Ẹni tó ni ẹrù kọ́ ló ń gbé e

   

Ní ilẹ̀ wa, a máa ń rán ara wa níṣẹ́. Ìyá tó wà ní Kétu a máa fi iṣu ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ ní Kùtọnu. Yóò lọ sí ibùdókọ̀, yóò gbé àpò fún awakọ̀, yóò sọ orúkọ ẹni tí yóò gbà á. Ó parí. Awakọ̀ kì í tú àpò náà. Bí ó bá tú u, wọn á ní ó fẹ́ jalè. Àṣà rere ni èyí. Òun ló jẹ́ kí ará oko àti ará ìlú ṣì máa jẹun pọ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n mọ àṣà yìí dáadáa, tí wọ́n sì ń fi í ba ayé ọmọ wa jẹ́. Àwọn ni oníṣòwò oògùn olóró.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọ̀dọ́kùnrin kan ń fi alùpùpù rẹ̀ ṣe zémidjan. Ọkùnrin kan tó wọṣọ dáadáa wá bá a ní ìrọ̀lẹ́.

“Àbúrò, bá mi gbé báàgì yìí dé Kùtọnu. Bí o bá débẹ̀, ẹnìkan á pè ọ́. Màá fún ọ ní 100,000 sẹ́fà.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Kí ló wà nínú rẹ̀?”

“Aṣọ ni, àbúrò. Aṣọ ìyàwó mi ni.”

Ẹ dúró níbẹ̀ ná. Owó ọkọ̀ láti Kétu dé Kùtọnu kò tó 10,000 sẹ́fà. Ta ni yóò san 100,000 nítorí aṣọ ìyàwó rẹ̀? Kí ni owó yòókù wà fún?

Ìdáhùn ìbéèrè yìí ni ọ̀rọ̀ wa lónìí.

KÍ NI À Ń PÈ NÍ OÒGÙN OLÓRÓ?

Oògùn olóró ni ohun tí ènìyàn ń mu, tí ó ń fà símú, tàbí tí ó ń gún sára, tí ó ń yí orí ẹni padà, tí ara kò sì fẹ́ fi sílẹ̀ mọ́. Òfin kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti máa tà á bó ṣe wù ú.

Gbogbo wa la mọ igbó. Kokéènì ńkọ́? Ewé igi kan ni wọ́n fi ń ṣe é. Igi náà ń hù ní Kòlóńbíà, ní Pẹ́rù àti ní Bòlífíà, ní òdìkejì òkun. Àwọn tó ń ra kokéènì jù wà ní Amẹ́ríkà àti ní ìlú àwọn òyìnbó. Nítorí náà wọ́n ń wá ọ̀nà tí ẹrù yóò gbà kọjá. Ọ̀kan nínú ọ̀nà náà ni etíkun wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Tramadol náà wà níbẹ̀. Oògùn ìrora tòótọ́ ni. Dókítà lè fún aláìsàn ní ìwọ̀n tó yẹ. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń kó èyí tó lágbára jù wọ̀lú láìgba ìwé àṣẹ. Wọ́n ń tà á fún àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ ṣiṣẹ́ oko láìrẹ̀. Níkẹyìn, ọ̀dọ́ náà kò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́ bí kò bá rí i lò.

BÁWO NI OLÓWÓ ẸRÙ ṢE Ń KA EWU?

Àwa rò pé ẹni tó ń ṣe òwò yìí kò mọ̀ pé ewu wà níbẹ̀. A rò pé aláìgbọ́n ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó mọ̀. Ó ti ṣírò rẹ̀ kí ó tó jáde nílé.

Ẹ wo ìyá tó ń ta tòmátì. Bí ó bá ra agbọ̀n 10, ó mọ̀ pé díẹ̀ yóò rà lọ́nà. Kò torí ìyẹn fi ọjà sílẹ̀. Ó kàn fi owó èyí tó rà kún owó èyí tó kù. Bí agbọ̀n 1 bá rà, agbọ̀n 9 yóò san gbèsè rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni oníṣòwò oògùn olóró ń ṣe. Kì í bi ara rẹ̀ pé, “Ṣé wọn ó mú ẹrù mi?” Ìbéèrè rẹ̀ ni pé, “Mélòó ni wọ́n lè mú kí n tó jẹ gbèsè?”

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan. Àpẹẹrẹ lásán ni o. Ká sọ pé ó ra ẹrù kọ̀ọ̀kan ní mílíọ̀nù 2 sẹ́fà. Ibi tí wọn yóò ti tà á, mílíọ̀nù 20 ni. Ó rán ènìyàn 10. Ó ṣe ìlérí mílíọ̀nù 1 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan bí ó bá dé láyọ̀. Àwọn ọlọ́pàá mú ènìyàn 3. Ènìyàn 7 dé.

Ẹrù 10 ná an ní mílíọ̀nù 20. Ó san mílíọ̀nù 7 fún àwọn 7 tó dé. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 27. Ó ta ẹrù 7, ó gba mílíọ̀nù 140. Èrè rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 113.

Àwọn 3 tí wọ́n mú ńkọ́? Kò san kọ́bọ̀ fún wọn. Wọ́n wà lẹ́wọ̀n. Nínú ìwé ìṣirò rẹ̀, tòmátì tó rà ni wọ́n.

Ẹ̀yin ará, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Lójú olówó ẹrù, ẹni tí wọ́n mú kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni. Tòmátì tó rà ni.

Ìṣirò wa kò jìnnà sí òtítọ́. Owó kílò kokéènì kan ní ìlú òyìnbó lè ju ìlọ́po 10 owó rẹ̀ ní Kòlóńbíà lọ. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ẹrù tí ìjọba ń gbà kò fi lé àwọn olówó kúrò nínú òwò náà. Ní oṣù kẹta ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá Gínì-Bìsáù rí 789 kílò kokéènì nínú ọkọ̀ akẹ́rù kan. Wọ́n fi ẹja bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin lè rò pé àwọn olówó yóò sinmi lẹ́yìn ìyẹn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, wọ́n tún rí òmíràn ní orílẹ̀-èdè yẹn. Ìyẹn ju 1,800 kílò lọ.

Ó Ń FI ÈNÌYÀN ṢE ÒGIRI

Àwọn àgbà ní: ọmọ ọlọ́mọ là ń rán níṣẹ́ dé tòru-tòru. Olówó ẹrù mọ òwe yìí ju gbogbo wa lọ.

Kì í fọwọ́ kan ẹrù. Ó rán Lágbájá. Lágbájá rán Tàmẹ̀dò. Tàmẹ̀dò wá ọmọ oko kan. Ọmọ oko kò mọ ju Tàmẹ̀dò lọ, orúkọ tí Tàmẹ̀dò sì fún un kì í ṣe orúkọ rẹ̀ gan-an. Bí wọ́n bá mú ọmọ oko, tí wọ́n ní kó sọ ẹni tó rán an, kí ni yóò sọ? Nọ́ńbà fóònù kan ni yóò mú wá. Fóònù náà ti kú.

Bí a ṣe ń mọ ògiri yí ilé ká, bẹ́ẹ̀ ló fi ènìyàn yí ara rẹ̀ ká. Kí òfin tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, yóò kọ́kọ́ wó ògiri. Ògiri náà ni ọmọ wa.

Nígbà mìíràn, wọ́n lè fi ènìyàn púpọ̀ sínú ọkọ̀ òfurufú kan náà, láìjẹ́ kí wọ́n mọ ara wọn. Bí wọ́n bá mú ẹnìkan, tí àwọn aṣọ́bodè sì pé lé e lórí, àwọn yòókù lè kọjá.

Àwọn olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà, Scott Decker àti Margaret Townsend Chapman, lọ bá 34 nínú àwọn tó ti ṣe òwò yìí ní ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ìwé wọn jáde ní ọdún 2008. Ohun kan hàn nínú ọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n ọdún gígùn wà. Ṣùgbọ́n wọn kò gbà pé yóò kan àwọn. Bí wọ́n bá ti lọ lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n bọ̀ láyọ̀, ẹ̀rù á dínkù. Lẹ́ẹ̀kejì, á tún dínkù. Ẹni tó bọ̀ láyọ̀ rò pé ọgbọ́n òun ló yọ òun. Kò mọ̀ pé ọjọ́ rẹ̀ ni kò tíì pé. Ojoojúmọ́ ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ fún ọ pé, “Mo ti ṣe é nígbà 10, kò sí nǹkan,” má ṣe fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí. Àwọn tó wà lẹ́wọ̀n náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí.

IRÚ ẸNI WO NI WỌ́N Ń WÁ?

Wọn kì í wá ẹni tó jọ olè. Ẹni tó jọ olóòótọ́ ni wọ́n ń wá. Ìyá tó pọn ọmọ sẹ́yìn. Bàbá arúgbó. Akẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀dọ́ tó fẹ́ lọ gbá bọ́ọ̀lù ní òkèèrè. Ẹni tó ń lọ sí Mẹ́kà.

Wọ́n tún ń wá ẹni tí ìṣòro ká mọ́. Ọmọ rẹ̀ wà ní ilé ìwòsàn. Òjò kò rọ̀, àgbàdo kò ṣe dáadáa. Ó jẹ gbèsè. Ẹni tí omi ń gbé lọ kì í wo ohun tí ó dì mú. Ìgbà náà ni wọ́n máa ń yọjú, pẹ̀lú owó lọ́wọ́ àti ọ̀rọ̀ dídùn lẹ́nu. Nígbà mìíràn, ẹni tí wọ́n rán wá jẹ́ ọ̀rẹ́ tàbí ìbátan, kí ọkàn ẹni lè balẹ̀.

Àwọn kan kò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn gbé nǹkan. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Nàìjíríà bá ìyá rẹ̀ lọ sí Sáúdì Arébíà láti ṣe Úmúrà. Wọ́n mú un níbẹ̀. Wọ́n ní àpò kan tó ní tramadol nínú jẹ́ tirẹ̀. Kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Àwọn kan ní pápákọ̀ òfurufú Kánò ló fi àpò náà sórí orúkọ rẹ̀. Ó lo nǹkan bí oṣù 4 ní àtìmọ́lé kí wọ́n tó dá a sílẹ̀ ní ọdún 2019. Ní orílẹ̀-èdè yẹn, wọ́n lè pa ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́bi lórí kíkó oògùn olóró wọ̀lú.

KÍ NI ẸNI TÓ GBÉ ẸRÙ Ń RÍ?

Èkíní, ara rẹ̀. Àwọn kan ń gbà láti gbé oògùn olóró mì. Wọ́n ń di í sínú ọ̀rá kéékèèké, ẹni náà á sì gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ mì kó tó wọ ọkọ̀ òfurufú. Bí ẹyọ kan ṣoṣo bá bẹ́ nínú ikùn, ó lè pa á kí dókítà tó dé. Olówó ẹrù kò ní bá wọn wá síbi òkú.

Èkejì, òfin. Ní ọdún 1984, ìjọba ológun Nàìjíríà ṣe òfin kan, Òfin 20, tó ní kí wọ́n pa ẹni tó bá ń ṣòwò oògùn olóró. Ní oṣù kẹrin ọdún 1985, wọ́n yìnbọn pa ọ̀dọ́kùnrin 3 ní Kirikiri ní Èkó. Wọ́n ti ṣe ohun tí wọ́n fi kàn wọ́n kí òfin náà tó jáde. Àwọn ènìyàn pariwo nílé àti lóko. Ní ọdún 1986, wọ́n yí ìjìyà náà padà sí ẹ̀wọ̀n gbére. Ṣùgbọ́n àwọn 3 náà kò lè jí mọ́.

Ní Síńgápọ̀, ẹni tó bá kó ju gíráàmù 15 hẹroíìnì lọ lè rí ikú. Gíráàmù 15 kò ju ìwọ̀n ṣúgà tó kún ṣíbí tíì 3 tàbí 4 lọ. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2004, wọ́n mú ọ̀dọ́kùnrin ọmọ Nàìjíríà kan ní pápákọ̀ òfurufú ibẹ̀. Gíráàmù 727 ni wọ́n bá lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní egbòogi ilẹ̀ Áfíríkà ni òun rò pé ó jẹ́. Òfin ibẹ̀ gbà pé ẹni tó ní ẹrù lọ́wọ́ mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, àfi tó bá lè fi hàn pé òun kò mọ̀. Kò lè fi hàn. Wọ́n yẹgi fún un ní oṣù kìíní ọdún 2007. Ọmọ ọdún 21 ni.

Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ wa, òfin tó de oògùn olóró ti wà láti ọdún 1997. Ẹ̀wọ̀n ọ̀pọ̀ ọdún ni fún ẹni tí wọ́n bá dá lẹ́bi. Láti ọdún 2018 ni ilé-ẹjọ́ pàtàkì kan, CRIET, sì ti wà ní Àjàṣẹ́, tí irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ń lọ síbẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ilé rẹ̀. Ta ni yóò roko? Ta ni yóò san owó ìwé ọmọ? Olówó ẹrù kò ní ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀. Kò mọ orúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ìbéèrè wa. Kí ni owó tó ju 90,000 sẹ́fà lọ, tó lé lórí owó ọkọ̀, wà fún? Kì í ṣe owó iṣẹ́. Owó ewu ni. Olówó ẹrù ní ewu kan tó yẹ kó wà lórí tirẹ̀. Ó fẹ́ rà ọ́ kí o bá a rù ú. Ó fẹ́ fi 100,000 ra ọdún ayé rẹ. Ọjà olówó pọ́ọ́kú ni fún un.

KÍ NI KÁ ṢE?

A kò ní kí ẹ má ran ara yín lọ́wọ́ mọ́. Kí ẹ máa fi ojú ran ara yín lọ́wọ́ ni a sọ.

1. Má ṣe gbé àpò tí o kò rí inú rẹ̀. Sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú u kí n rí i.” Kì í ṣe àfojúdi. Ẹni tó fi iṣu ránṣẹ́ kò ní bínú. Ẹni tó bá bínú ti dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́.

2. Bí owó bá ju iṣẹ́ lọ, sá. Béèrè lọ́wọ́ ara rẹ pé, “Kí ló dé tí òun fúnra rẹ̀ kò gbé e?”

3. Mọ ẹni tó fún ọ àti ẹni tí yóò gbà á: orúkọ, ilé, ẹbí. “Ẹnìkan á pè ọ́” kì í ṣe orúkọ ènìyàn.

4. Ní bodè, ní Ìgólò, ní Hilla-Condji, tàbí ibòmíràn, má ṣe bá ẹni tí o kò mọ̀ di báàgì mú, kódà fún ìṣẹ́jú kan.

5. Bí o bá ń wọ ọkọ̀ òfurufú, fi ọwọ́ ara rẹ di ẹrù rẹ. Ka iye àpò rẹ. Wò ó pé iye ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹrù rẹ kò ju iye àpò rẹ lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé báyìí, ẹ lè kà á fúnra yín. Ẹ kà á!

6. Bí o bá ti gba ẹrù kan tí ara ń fu ọ́, má ṣe gbé e síwájú. Má ṣe sọ ọ́ sínú igbó kí o máa lọ. Pe àgbà ilé kan tàbí olórí abúlé, kí ẹ jọ lọ sọ fún àwọn ọlọ́pàá. Ẹni tó lọ fúnra rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ sọ ju ẹni tí wọ́n mú lọ.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá sọ fún yín pé òun rí iṣẹ́ olówó ńlá ọjọ́ kan, ẹ má ṣe kọ́kọ́ yọ̀. Ẹ béèrè. Bí gbèsè bá sì ká ọmọ yín mọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó máa dá ronú. Ẹgbẹ́ èèsú wà. Ẹbí wà. Ọmọ tó rí ẹni bá sọ̀rọ̀ nílé kò ní tètè gbọ́ ọ̀rọ̀ àjèjì ní ibùdókọ̀.

Ọ̀dọ́kùnrin zémidjan wa ńkọ́? Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ tú báàgì náà kí n rí aṣọ ìyàwó yín.” Ọkùnrin náà wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì. Ó ní òun ń bọ̀. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ. Kò padà wá títí di òní.

Ẹ̀yin ará wa, ẹni tó ni ẹrù kọ́ ló ń gbé e. Bí ẹrù bá dára, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ni ín tú u kí ẹ rí i. Ó dàbọ̀ o.

ÌBÉÈRÈ FÚN ẸGBẸ́ ÌKÀWÉ

1. Kí ló dé tí a fi olówó ẹrù wé ìyá tó ń ta tòmátì? Níbo ni wọ́n ti yàtọ̀ sí ara wọn?

2. Nínú ìṣirò wa, bí wọ́n bá mú ènìyàn 5 nínú 10, èló ni èrè olówó ẹrù? Ẹ ṣe é sórí pátákó.

3. Ní abúlé yín, báwo ni ẹ ṣe lè máa fi ẹrù ránṣẹ́ kí ọkàn awakọ̀ àti ti ẹni tó ni ẹrù lè balẹ̀?